SYLVANUS OLYMPIO: ÌṢỌ̀KAN ÀTI ÌJỌBA ARA-ẸNI LÁÀÁRÍN TÓGÒ ÀTI GHÁNÀ

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1963, ni àwọn ọmọ-ogun yìnbọn pa Sylvanus Olympio, Ààrẹ àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè Tógò, ní ẹnu ọ̀nà ilé aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Lomé. Ìlú Kpandu tí wọ́n bí i sí ti di ara orílẹ̀-èdè Ghánà nígbà náà. Ìlú Agoué tí wọ́n sin ín sí wà ní ilẹ̀ Dàhòmì, èyí tí ó yí orúkọ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Ẹnìkan ṣoṣo ni Olympio, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó pín ìbí rẹ̀, ìjọba rẹ̀ àti ibojì rẹ̀ láàárín ara wọn.

Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí jẹ́ alárìnkiri. Ààlà ilẹ̀ ni ó ń rìn kiri, tí ó ń kọjá láàárín àwọn ẹbí, oko àti ọjà. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni Olympio fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jà fún. Síbẹ̀, nígbà tí orílẹ̀-èdè aládùúgbò kan tí ó tóbi ju tirẹ̀ lọ fi ìṣọ̀kan lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìyípadà ọkàn. Bí a bá tọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò hàn pé ìbéèrè kan náà ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà méjèèjì: ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé kí àwọn ènìyàn dàpọ̀?

Ìbí, Ìdílé àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1902, ni wọ́n bí Sylvanus Olympio ní Kpandu, nígbà tí gbogbo agbègbè náà wà lábẹ́ àwọn Jámánì. Ìdílé Àgùdà ni ó ti jáde wá. Àwọn Àgùdà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó ti mọ̀ wọ́n, ni àwọn ènìyàn tí ó ti Bràsíìlì padà wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah, Agoué àti àwọn ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bahia ní Bràsíìlì ni Francisco, bàbá bàbá Olympio, ti wá. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀, Epiphanio. Arákùnrin bàbá rẹ̀, Octaviano, sì wà lára àwọn olówó ìlú Lomé.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò mọ ilẹ̀ kan ṣoṣo ní ilé. Òwò wọn nà láti Gold Coast dé Dàhòmì, wọ́n sì ní ìyekan káàkiri etíkun náà. Ẹ̀kọ́ Olympio pàápàá tẹ̀lé bí ìjọba ṣe ń yí padà. Ní ilé-ìwé àwọn Ìjọ Àgùdà ni ó ti kọ́ èdè Jámánì ní Lomé. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà, ó bọ́ sínú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ìlú London, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní London School of Economics. Bí ó ti ń gbọ́ Ewe ni ó ń gbọ́ Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó wọ iṣẹ́ òwò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí United Africa Company. Ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast kí wọ́n tó fi í ṣe ọ̀gá ní Tógò. Ipò tí aláwọ̀ dúdú kì í sábà dé ni èyí nígbà náà. Iṣẹ́ yìí kọ́ ọ ní ìṣírò owó, ó sì kọ́ ọ ní ohun tí ẹnubodè ń ná àgbẹ̀ àti oníṣòwò.

Ilẹ̀ Tí Wọ́n Gé sí Méjì

Ọdún 1884 ni àwọn Jámánì fi ọwọ́ lé Tógò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣẹ́gun wọn níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ náà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1919 ni ó fa ààlà tí ó dúró. Àwọn Faransé gba ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Lomé àti etíkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Kpandu àti Ho wà, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ pọ̀ mọ́ Gold Coast. Ní ọdún 1922, Àjọ Ìmùlẹ̀ Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé kí àwọn méjèèjì máa tọ́jú ipa tiwọn gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí a fi ṣọ́ wọn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ́pò àjọ àkọ́kọ́ yìí, òun náà tẹ̀ síwájú nínú ètò náà ní ọdún 1946.

Àwọn Ewe ni ìpín yìí dùn jù. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn so wọ́n mọ́ Kétu ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì sọ pé Notsé ni wọ́n ti fọ́n ká kí wọ́n tó tẹ ìlú wọn lónìí dó. Èdè kan ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó pín ilẹ̀ tán, àwọn Ewe Anlo àti Peki bọ́ sí Gold Coast, ti Ho àti Kpandu bọ́ sí Tógò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Lomé àti Kpalimé sì bọ́ sí Tógò àwọn Faransé. Oko ẹlòmíràn wà ní òdìkejì ààlà sí ilé rẹ̀. Owó tí wọ́n ń ná yàtọ̀, owó orí yàtọ̀, èdè ilé-ìwé yàtọ̀. Ọmọ bàbá kan náà lè di ọmọ-abẹ́ ìjọba méjì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹnubodè náà le sí i. Olympio fúnra rẹ̀ jẹ nínú ìyà àkókò náà: ní ọdún 1942, àwọn aláṣẹ Faransé tí ó tẹ̀lé ìjọba Vichy tì í mọ́ Djougou ní àríwá Dàhòmì.

Ìjà fún Ìṣọ̀kan

Ọdún 1941 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Comité de l'Unité Togolaise sílẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Tógò, tí a sì ń pè ní C.U.T. Àwọn aláṣẹ Faransé fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn. Lẹ́yìn ogun, ó di ẹgbẹ́ òṣèlú gidi, Olympio sì di aṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà borí nínú ìdìbò, wọ́n sì fi Olympio ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Tógò.

Ní ọdún kan náà ni àwọn Ewe láti ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe àpérò gbogbogbòò, tí wọ́n sì ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí a so ilẹ̀ wọn pọ̀. Ní ọdún 1947, Olympio lọ sí Amẹ́ríkà láti gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ àfiṣọ́. Ó wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ àfiṣọ́ tí ó kọ́kọ́ dúró síwájú ìgbìmọ̀ yìí láti sọ ti ẹnu ara wọn. Ohun tuntun ni èyí. Títí di ìgbà náà, àwọn òyìnbó ni wọ́n máa ń jíhìn fún òyìnbó ẹgbẹ́ wọn lórí àwọn ènìyàn tí kò sí níjòókòó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní kókó tí ó nira láti tú. Bí a bá so àwọn Ewe nìkan pọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará àríwá Tógò tí wọn kì í ṣe Ewe? Ní àríwá ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ààlà náà ti gé ilẹ̀ àwọn Dagomba pẹ̀lú, Gold Coast sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wọn wà. Ìṣọ̀kan tiwọn ni pé kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ Gold Coast. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ ìṣọ̀kan fún ẹ̀yà kan jẹ́ ìpínyà fún òmíràn. Nígbà tí ó yá, àwọn aṣáájú bíi Olympio kò tẹnu mọ́ ìṣọ̀kan Ewe nìkan mọ́. Ìsopọ̀ ilẹ̀ Tógò méjèèjì ni wọ́n wá ń béèrè.

Inú àwọn Faransé kò dùn sí i. Wọ́n ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́yìn, pàápàá èyí tí Nicolas Grunitzky ṣe aṣáájú fún. Grunitzky yìí kì í ṣe àjèjì: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti Dina, ìyàwó Olympio. Ẹgbẹ́ Olympio fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún 1951, ó sì yẹra fún ọ̀pọ̀ ìdìbò tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1954, wọ́n fi ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè kan Olympio, ilé-ẹjọ́ sì gba ẹ̀tọ́ ìdìbò àti ti ìdíjedupò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdìbò Ọdún 1956

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Bákan náà ni ó rí bí ará ilé ẹni bá ń gba òmìnira: ariwo ayọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Gold Coast ni ó kọ́kọ́ súnmọ́ òmìnira ní agbègbè yìí, ìyẹn ni ó sì ti gbogbo nǹkan síwájú ní Tógò méjèèjì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé bí Gold Coast bá ti gba òmìnira, àwọn kò ní lè máa ṣàkóso ipa Tógò tiwọn ní òun nìkan. Ìdí nìyí tí àjọ náà fi ní kí wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè.

Ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1956, ni ìdìbò náà wáyé. Àwọn 93,095 ni ó fẹ́ kí ilẹ̀ náà dara pọ̀ mọ́ Gold Coast. Àwọn 67,492 ni ó fẹ́ kí ó ṣì dá wà. Ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó borí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àbájáde náà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, àwọn ará àríwá ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó fẹ́ ìdàpọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn Ewe ní Ho àti Kpandu kọ̀ ọ́. Wọ́n ka gbogbo ìbò náà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1957, Ghánà gba òmìnira, Kpandu sì bá a lọ. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè náà ní oṣù yẹn gan-an, ìjọba sì kó ọmọ-ogun lọ síbẹ̀.

Ọjọ́ ayọ̀ ńlá ni ọjọ́ yẹn jẹ́ fún gbogbo Áfíríkà. Fún Olympio, ó jẹ́ ọjọ́ tí ìlú tí wọ́n bí i sí di ilẹ̀ òkèèrè.

Àwọn Faransé náà kò lè jókòó lásán mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1956, wọ́n sọ ipa tiwọn di ilẹ̀ olómìnira tí ó ń ṣe ìjọba ara-ẹni lábẹ́ Faransé, Grunitzky sì di Olórí Ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ṣe ìdìbò láti fi hàn pé àwọn ará ìlú fara mọ́ ọn, kí ètò ilẹ̀ àfiṣọ́ lè dópin. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò gbà, nítorí pé òun kọ́ ni ó ṣe alábòójútó ìdìbò náà, àti pé ọ̀pọ̀ agbára ṣì wà lọ́wọ́ Faransé. Àjọ náà ní kí wọ́n ṣe ìdìbò mìíràn lójú àwọn aṣojú òun.

Ìdìbò yìí wáyé ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1958. Olympio kò lè díje, nítorí ìdájọ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí ó fara mọ́ ọn borí lọ́nà tí ó ya àwọn Faransé lẹ́nu, Olympio sì di Olórí Ìjọba. Ọdún méjì gééré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1960, Tógò gba òmìnira.

Aládùúgbò Ńlá

Òmìnira kò tíì dé nígbà tí ìbéèrè tuntun yọjú. Kwame Nkrumah, olórí Ghánà, gbà pé ìṣọ̀kan gbogbo Áfíríkà ni ọ̀nà àbáyọ, ó sì fẹ́ kí Tógò dara pọ̀ mọ́ Ghánà. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́: àwọn Ewe tí ààlà pín níyà yóò tún padà di ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Olympio fúnra rẹ̀ ti ń béèrè láti ọdún 1946. Igi kan kò kúkú lè dá igbó ṣe.

Olympio kọ̀. Lójú tirẹ̀, kí ilẹ̀ kékeré wọ inú ilẹ̀ ńlá gẹ́gẹ́ bí ẹkùn kan lára rẹ̀ kì í ṣe ìdàpọ̀, ìgbémì ni. Ìṣọ̀kan tí ó ń béèrè tẹ́lẹ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ará ìlú yóò fi ẹnu ara wọn yàn. Ní ọdún 1960, àwọn ará Tógò ti yan ohun tí wọ́n fẹ́. Ó fara mọ́ àjọṣe nínú òwò, ojú ọ̀nà àti owó bodè, bí ó bá jẹ́ láàárín àwọn tí ó dọ́gba. Òun àti àwọn olórí bíi William Tubman ti Làìbéríà àti Abubakar Tafawa Balewa ti Nàìjíríà ni wọ́n jọ wà ní ìhà àwọn tí ó pàdé ní Monrovia ní ọdún 1961, tí ó fẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò fẹ́ ìjọba kan ṣoṣo lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àárín Lomé àti Accra ti dàrú. Àwọn alátakò Nkrumah ń sá lọ sí Tógò, àwọn alátakò Olympio náà sì ń sá lọ sí Ghánà. Olúkúlùkù ń fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan ẹnìkejì. Ghánà ti ẹnubodè pa. Àwọn Ewe tí àwọn olórí méjèèjì ní àwọn ń jà fún ni wọn kò rí ọ̀nà gbà lọ sí ọjà àti ibi òkú ẹbí wọn.

Ìjọba Olympio Nínú Ilé

Ẹni tí yóò bá sọ òótọ́ nípa Olympio kò gbọdọ̀ fi ìhà kejì pamọ́. Ọkùnrin tí ó dúró síwájú gbogbo ayé láti béèrè pé kí a gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ gbogbo ohùn wọn nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú ìdìbò oṣù Kẹrin ọdún 1961 tí ó sọ ọ́ di Ààrẹ, ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó díje, nítorí wọn kò gba orúkọ àwọn olùdíje ìyókù wọlé. Ní ọdún 1962, wọ́n fi òfin de àwọn ẹgbẹ́ alátakò, àwọn aṣáájú wọn kan sì wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti bá a ja ìjà òmìnira wà lára àwọn tí ó ta kò ó nígbà náà.

Ní ti owó, ó le koko. Ó fẹ́ kí Tógò máa fi owó ara rẹ̀ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, kí ó má baà tọrọ lọ́wọ́ Faransé. Ìwakùsà fọ́síféètì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í méso jáde ní ọdún 1961 fún un ní ìrètí. Ó ń gbèrò àtidá owó Tógò sílẹ̀ kúrò nínú owó CFA. Nítorí ìṣọ́wóná yìí kan náà ni kò ṣe fẹ́ ọmọ-ogun púpọ̀. Nǹkan bíi 250 péré ni Tógò ní. Nígbà tí àwọn ọmọ Tógò tí ó ti ṣe ṣọ́jà fún Faransé padà dé láti ojú ogun Algeria, tí wọ́n ní kí ó gbà wọ́n sínú iṣẹ́ ogun, ó kọ̀ fún wọn. Ará àríwá ni ó pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá àwọn Kabiyé. Àríwá yìí ni ó ti ń wò ó tipẹ́ pé ti gúúsù nìkan ni ìjọba Olympio.

Ikú Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Tẹ̀lé E

Ojú Olympio wà ní ẹnubodè ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1963, àwọn ṣọ́jà tí ó kọ̀ láti gbà síṣẹ́ wọnú ilé rẹ̀. Ó fo ògiri sínú ọgbà ilé aṣojú Amẹ́ríkà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fara pamọ́ sínú ọkọ̀ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí i, wọ́n sì pa á sí ẹnu ọ̀nà. Étienne Eyadéma, tí ó wà lára àwọn ṣọ́jà náà, sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé òun ni òun yìnbọn. Lẹ́yìn náà ni ó sẹ́. Olympio ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ-ogun pa nínú ìfipágbàjọba láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Agoué, láàárín àwọn Àgùdà ìdílé rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí.

Ìró ìbọn yẹn kọjá ẹnubodè. Wọ́n fi Grunitzky jẹ Ààrẹ, Ghánà sì tètè gbà á. Nàìjíríà bínú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fura sí Ghánà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ṣọ́jà Tógò fúnra wọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Addis Ababa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963 láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀, àyè Tógò ṣófo. Nínú ìwé àdéhùn àjọ náà, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn nítorí òṣèlú, wọ́n sì fi òfin dè é pé kí orílẹ̀-èdè kan má ṣe dá sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé òmíràn. Ní ọdún 1964, ní Cairo, wọ́n tún pinnu pé kí olúkúlùkù bọ̀wọ̀ fún ààlà tí ó bá nílẹ̀ nígbà òmìnira. Ààlà tí ó gé Kpandu kúrò lára Lomé wà lára wọn.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1967, ọdún mẹ́rin gééré lẹ́yìn ikú Olympio, Eyadéma gba ìjọba. Ó wà lórí oyè títí ó fi kú ní ọdún 2005. Síbẹ̀, Eyadéma kan náà àti Yakubu Gowon ti Nàìjíríà ni wọ́n ṣe agbátẹrù àjọ ECOWAS, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Irú àjọṣe láàárín àwọn tí ó dọ́gba, nínú òwò àti ìrìnnà, tí Olympio fẹ́, ni ó wá rìn gba ọwọ́ ẹni tí ó bá wọn gbìmọ̀ ikú rẹ̀ di òótọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn Olympio kọ́ni pé kò sí orílẹ̀-èdè tí í dá gba òmìnira. Òmìnira Ghánà ni ó mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdìbò ọdún 1956. Ìdìbò yìí ni ó ti àwọn Faransé láti fún Tógò ní ìjọba ara-ẹni. Ikú Olympio sì wà lára ohun tí ó fún gbogbo Áfíríkà ní ìdí láti di ààlà wọn mú gírígírí.

Ó tún kọ́ni pé ìṣọ̀kan kò tó láti dùn lẹ́nu. Àwọn tí yóò jọ gbé inú ilé kan gbọ́dọ̀ jọ fẹnu kò. Ìdí nìyí tí Olympio fi kọ ohun tí Nkrumah fi lọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan inú ilé bí ó ti kan òde. Ará àríwá tí kò rí iṣẹ́, ẹgbẹ́ alátakò tí kò rí àyè díje, àwọn náà ní ẹnu tí ó yẹ kí wọ́n fi dá sí ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ohun tí Olympio béèrè lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ghánà ni òun náà jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní gbèsè.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa ààlà ilẹ̀ lè mú àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kí ó fi ìka tọ Kpandu, Lomé àti Agoué. Kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ nínú ọkọ̀, ẹnubodè méjì ni yóò sì kọjá lójú ọ̀nà.